Ajá mi ń wọ́ mi kiri Ìgbógbó: báwo lẹ ṣe ń kọ́ tiyín kó máa rìn jẹ́jẹ́ lórí okùn?

Aránṣọ_Ìgbógbó

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin alájá. Mo ní ọmọ ajá kan, akọ ni, Jẹ́-n-sinmi lorúkọ tí ọkọ mi sọ ọ́. Ajá ìbílẹ̀ ni ìyá rẹ̀, bàbá rẹ̀ ní ẹ̀jẹ̀ Alsatian lára. Ó ti lé díẹ̀ ní oṣù mẹ́rin. Ó ti gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ pé, dókítà ẹran sì ti ní mo lè máa mú un jáde.

Nínú ọgbà, ẹ ò ní rí i kẹ́ ẹ má fẹ́ràn rẹ̀. Bí mo bá ń ránṣọ, abẹ́ ẹ̀rọ ló ń sùn sí. Ṣùgbọ́n kí n ṣáà ti fi okùn sí i lọ́rùn, kí géètì ṣí, ó parí. Ewúrẹ́ Ìyá Ẹlẹ́ja ló kọ́kọ́ máa ń dojú kọ, ó di adìyẹ, ó di egungun tí wọ́n jù sílẹ̀ nídìí aboki tó ń sun ṣúyà. Á máa fà, á máa húkọ́, ọ̀fun rẹ̀ á máa hó, síbẹ̀ kò ní dẹ okùn. Nígbà míì ẹ̀wẹ̀, á kàn jókòó sáàárín títì, á fi eyín dá okùn mú, kẹ̀kẹ́ Márúwá á máa fọn fèrè lẹ́yìn wa, àwọn ọmọ àdúgbò á ní "Ajá Ìyá Télọ̀ ti dé o!"

Èyí tó ń ká mi lára jù ni ti Àlhájà tó ń din àkàrà ní kọ̀rọ̀ wa. Kò fẹ́ kí itọ́ ajá kan aṣọ òun nítorí ìrun, ẹ̀tọ́ rẹ̀ sì ni. Lọ́jọ́ kan Jẹ́-n-sinmi wọ́ mi débẹ̀, ó fi imú kan ìró ìyá náà, àfi kó lọ pààrọ̀ aṣọ kó tó kírun Mágàríbì. Kò bínú, ṣùgbọ́n ojú tì mí.

Aládùúgbò kan ní kí n ra ṣéènì onírin tó ní eyín nínú, pé bó bá fà tó gún un lọ́rùn, á gbọ́n. Ọkàn mi ò gbà á. Kí lẹ̀ ń ṣe sí tiyín?

Ọmọ_Ìjẹ̀dé

Ìyá Télọ̀, ẹ má da ara yín láàmú. Ṣéènì náà ni kẹ́ ẹ rà. Bó bá fà síwájú, ẹ̀yin náà ẹ já a padà sẹ́yìn. Ajá tí kò bá rí ìyà kì í gbọ́ràn. Òun ni tèmi ń lò, ẹ wá wò ó, kì í mira.

Bàbá_Alájá

Ọmọ Ìjẹ̀dé, ṣé ajá rẹ ń rìn jẹ́jẹ́ ni àbí ẹ̀rù ló ń bà á? Ọ̀tọ̀ ni méjèèjì o. Ajá aṣọ́lé ni mo fi jẹun títí mo fi fẹ̀yìn tì. Bí o bá já ṣéènì nígbà tí ajá rí ọmọdé, kò ní rò pé fífà tí òun fà ló fa ìrora yẹn. Ọmọdé tó ń wò ló máa kà á sí lọ́rùn. Ó tún rí ọmọdé, ó tún ro ó. Lọ́jọ́ tí á gbé eyín lé ẹnì kan, ẹ ó ní ó ya wèrè.

Ìyá Télọ̀, ohun tí Jẹ́-n-sinmi mọ̀ kò ju èyí lọ: ìgbà tí okùn bá le ni òun ń dé ibi tí òun ń lọ. Ó fà, ó bá ewúrẹ́. Ó fà, ó bá egungun. Ẹ̀ ń sanwó iṣẹ́ fún un ni, kẹ́ ẹ sì tó mọ̀, ó ti gbówó. Ẹ ò sì lè fi agbára gbà á padà, nítorí ẹ̀dá ajá ni pé bí nǹkan bá fà á sẹ́yìn, á ta kété, á tún fà síwájú sí i.

Nítorí náà, okùn le, ẹsẹ̀ dúró. Okùn dẹ̀, ẹsẹ̀ lọ. Ẹ má já a, ẹ má pariwo, ẹ má pe orúkọ rẹ̀ ní àpètúnpè. Ẹ kàn dúró, kẹ́ ẹ fi ọwọ́ tó mú okùn mọ́ ikùn kó má bàa máa nà tẹ̀ lé e. Á fà, á wọ̀tún wòsì, á ṣe kàyéfì. Bó bá ti bojú wẹ̀yìn wò yín, tàbí tó padà díẹ̀ tí okùn fi rọ̀, kíá lẹ máa ní "o káre", ẹ fún un ní ẹran, ẹ máa lọ. Ẹ lè má kọjá ilé kejì lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Kò burú. Ẹ má sì dà á pọ̀ mọ́ iṣẹ́ tẹ́ ẹ fẹ́ jẹ́. Bẹ́ ẹ bá ń lọ ra òwú ní Sábó, ẹ fi í sílé, torí ẹ ó máa kánjú, ẹ ó sì jẹ́ kó fà.

Ti ẹran. Ẹ̀dọ̀ màlúù ni mo fẹ́ràn jù, kẹ́ ẹ bọ̀ ọ́ láìsí iyọ̀, láìsí ata, láìsí àlùbọ́sà rárá, nítorí àlùbọ́sà máa ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́, ìbáà jẹ́ èyí tó ti yó sínú ọbẹ̀. Ẹ gé e wẹ́wẹ́, kó má ju hóró ẹ̀wà lọ, kẹ́ ẹ sì dín oúnjẹ àárọ̀ rẹ̀ kù kí ebi lè wà níkùn rẹ̀ díẹ̀. Pánlá gbígbẹ náà dáa, òórùn rẹ̀ lè bá ti ṣúyà jà. Ibi tẹ́ ẹ ti ń fún un ló wá ṣe pàtàkì o! Ibi tí ẹran bá ti ń bọ́ sí i lẹ́nu ni ajá máa ń fẹ́ wà. Bẹ́ ẹ bá na ọwọ́ síwájú, iwájú ló máa wà, á máa dí yín lẹ́sẹ̀. Ẹ fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ òsì, níbi tí ojú ìránsọ ṣòkòtò gbà kọjá. Ẹ̀yin télọ̀ lẹ mọ ibẹ̀.

Ẹ má bá títì bẹ̀rẹ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni, lẹ́yìn náà inú ọgbà, lẹ́yìn náà ìdí géètì. Bẹ́ ẹ bá ṣí géètì tó bẹ́ síwájú, ẹ tì í padà. Ẹ tún ṣí i. Kò ní pẹ́ tó fi máa dúró wo ojú yín, nígbà náà lẹ ó jáde. Ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá ti tó fún ọmọdé bíi tirẹ̀, kó jẹ́ àárọ̀ kùtù kí wọ́n tó tú ewúrẹ́ sílẹ̀. Bó bá di ọ̀sán, ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ọ̀dà títì. Bí ẹ ò bá lè fi í síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún sí méje, àtẹ́lẹsẹ̀ ajá náà kò lè gbà á.

Ní ti ewúrẹ́, ẹ wá ibi tó jìnnà tó bẹ́ẹ̀ tí Jẹ́-n-sinmi á rí i, tí á sì tún lè jẹ ẹ̀dọ̀ lọ́wọ́ yín. Bó bá ti kọ ẹ̀dọ̀, ẹ ti sún mọ́ jù, ẹ padà sẹ́yìn. Díẹ̀díẹ̀ lẹ ó máa sún mọ́ ọn. Ìdí Àlhájà ńkọ́? Ẹ gba òdìkejì títì kọjá ní tiyín títí ọwọ́ yín fi máa ká a, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí ara yín wà láàárín ajá àti ìyá náà.

Jíjókòó sójú títì yẹn, ẹ má wọ́ ọ o. Bóyá kẹ̀kẹ́ ló ń dẹ́rù bà á. Ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀, ẹ pè é, bó bá gbé ẹsẹ̀ kan, ẹ yìn ín. Ti jíjẹ okùn, eyín ọmọdé rẹ̀ ló fẹ́ máa bọ́, láàárín oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà ni. Èrìgì ń yún un. Bẹ́ ẹ bá fa okùn mọ́ ọn lẹ́nu, á rò pé eré ni. Ẹ dẹ ọwọ́, ẹ fi ẹ̀dọ̀ pàṣípààrọ̀.

Ohun kan tó kù ni ti ará ilé. Bí ọkọ yín bá mú un jáde lálẹ́ tó jẹ́ kó fa òun dé ìdí ṣúyà, òwú tẹ́ ẹ rán láàárọ̀ ló tú yẹn.

Nọ́ọ̀sì_Ẹran

Bàbá, ẹ kú àlàyé. Ikọ́ yẹn lèmi fẹ́ dá sí. Okùn ọrùn máa ń tẹ ọ̀nà èémí ajá tó bá ń fà, ti ọmọ ajá sì ṣì rọ̀. Bó bá jẹ́ ìgbà tó ń fà nìkan ló ń húkọ́, ẹ bọ́ ti ọrùn kúrò, ẹ lo bẹ́líìtì tó ń gba àyà. Bó bá ń húkọ́ lórí ìjókòó, tàbí tí imú rẹ̀ ń da omi, tí kò sì jẹun, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà, ìyẹn kì í ṣe ti okùn mọ́.

Lásìkò òjò yìí, ẹ má jẹ́ kó mu omi gọ́tà tàbí èyí tó dúró sójú títì. Ìtọ̀ eku máa ń kó àrùn leptospirosis sínú rẹ̀, ó ń pa ajá, ó sì ń mú ènìyàn. Ẹ tọ́jú káàdì abẹ́rẹ́ rẹ̀ dáadáa. Bí ẹ bá ní abẹ́rẹ́ rẹ̀ ti pé, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ti dìgbòlugi wà nínú rẹ̀, torí oṣù mẹ́ta ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n á sì tún un gún. 28 oṣù Kẹsàn-án ni Àyájọ́ Dìgbòlugi Lágbàáyé, ní ọ̀pọ̀ ìlú ni wọ́n ti máa ń fún ajá ní abẹ́rẹ́ náà lọ́fẹ̀ẹ́ lásìkò yẹn. Ọmọ Ìjẹ̀dé, ìwọ ni mò ń bá wí náà. Ajá tí ẹnikẹ́ni kò lè dán wò, tó bá gé ènìyàn jẹ, kí onítọ̀hún fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kó sì gba ilé ìwòsàn lọ lọ́jọ́ náà gan-an.

Aránṣọ_Ìgbógbó

Ẹ ṣé púpọ̀, Bàbá. Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣeun, ti dìgbòlugi wà níbẹ̀, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wò ó ni.

Ìbéèrè méjì. Èyí tí mo rí lọ́jà nínú bẹ́líìtì àyà yẹn kò bá a mu, ọ̀kan tóbi, èkejì ń há a lábíyá. Mo ní okùn báàgì ilé-ìwé tó nípọn, tó fẹ̀ ní ínṣì kan. Ṣé mo lè rán an fúnra mi? Èkejì, lọ́jọ́ tí wọ́n bá kéde pé Orò á jáde, àwa obìnrin kì í yọjú síta. Ṣé kò ní gbàgbé gbogbo rẹ̀?

Bàbá_Alájá

Kò ní gbàgbé. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ wà. Ẹ fi okùn sí i, ẹ rìn ín lọ rìn ín bọ̀, kẹ́ ẹ wá fi ẹ̀dọ̀ pamọ́ sábẹ́ àga àti ẹ̀yìn ẹ̀rọ kó máa fi imú wá a. Ìgbóòórùn máa ń rẹ ajá ju ìrìn lọ. Níta pàápàá, bó bá rìn dáadáa, ẹ jẹ́ kó gbóòórùn ìdí igi kan bó ṣe wù ú, ẹ̀bùn nìyẹn náà.

Rírán an, kí ló dé? Ẹ wọn àyà rẹ̀ yí po lẹ́yìn ẹsẹ̀ iwájú, kẹ́ ẹ wá wọn láti èjìká kan dé èkejì lókè igbá àyà. Ìka méjì gbọ́dọ̀ lè wọ abẹ́ okùn níbi gbogbo. Ẹ fi àyè sílẹ̀ lábíyá kó má bó o lára. Òrùka irin ni kẹ́ ẹ fi sí iwájú àyà, ibẹ̀ lẹ ó ti so okùn. Bó bá fà, ara rẹ̀ á yí padà sọ́dọ̀ yín, kò ní rí agbára lò. Gbogbo ìkòríta okùn, ẹ rán an ní onígun mẹ́rin kẹ́ ẹ sì fi òwú dábùú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ìdè oníke ti báàgì ọmọdé kò ṣeé gbára lé, ọjọ́ tí ewúrẹ́ bá sáré ni yóò ṣí. Irin ni. Ẹ fi ohun tí ẹ ó fi máa tú u gbòòrò sí i, torí á ṣì dàgbà.

Ọmọ_Ìjẹ̀dé

Hmm. Tèmi máa ń fọ́nu sí ọmọ lándì-lọ́ọ̀dù lóòótọ́. Ìyá Télọ̀, bẹ́ ẹ bá rán ti Jẹ́-n-sinmi tán, ẹ bá mi rán ọ̀kan. Ajá mi sanra o.

Aránṣọ_Ìgbógbó

Fi ìwọ̀n ránṣẹ́, ti àyà yí po àti ti èjìká sí èjìká bí Bàbá ṣe wí. Kì í ṣe kó o sọ fún mi pé ó sanra. Owó òrùka irin àti okùn á ṣáájú, iṣẹ́ ọwọ́ tó bá di pé ó wọ̀ ọ́ tán.