Ta ni òbí rẹ̀ ti tún ìwé ìhágún ṣe rí? Ẹ wá sọ bó ṣe já sí

Ayọ̀kẹ́ Ìjẹ̀bú
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Bàbá mi ti ṣe ìwé ìhágún tipẹ́, lọ́yà wọn sì ti fi í pamọ́ sí kóòtù. Ní báyìí, ilẹ̀ kan tí wọ́n há fún ẹ̀gbọ́n mi, àbúrò wa obìnrin tó ń tọ́jú wọn ni wọ́n fẹ́ fún. Ẹ̀dà kan wà nílé. Wọ́n ní báírò làwọn máa fi fagi lé orúkọ, káwọn kọ tuntun sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, ó parí. Ẹni tírú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ nílé tiwọn, ẹ jọ̀ọ́, báwo ló ṣe rí?

Bọ̀dá Mushin
Ẹ gba báírò lọ́wọ́ bàbá.

Ìyá Ìbejì
Ẹ gbà á kíákíá! Bàbá ọkọ mi ṣe é. Báírò pupa. Ṣọ́ọ̀bù mẹ́rin ló wà níwájú ilé, ìyàwó àgbà àtàwọn ọmọ wọn ni wọ́n há a fún. Nígbà tíjà dé, bàbá mú ìwé, wọ́n fa ìlà pupa gbọọrọ sórí "mẹ́rin", wọ́n kọ "méjì" sókè ẹ̀, wọ́n buwọ́ lù ú níbẹ̀. Àwọn nìkan, kò sí ẹlẹ́rìí kankan. Wọ́n tì í mọ́ inú àpótí aṣọ. Lẹ́yìn ìsìnkú tá a gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń rí sí ogún ní kóòtù, wọ́n ní ìlà pupa yẹn ò já mọ́ nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ tó wà lábẹ́ ẹ̀ ṣì hàn ketekete, òun náà ni wọ́n kà. Ṣọ́ọ̀bù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bọ́ sọ́wọ́ ìyàwó àgbà. Ìyàwó kejì ò bá mi sọ̀rọ̀ dòní, bíi pé èmi ni mo ṣòfin.

Adé Ọ̀ṣogbo
Ṣùgbọ́n bàbá ló nìwé, bàbá náà ló fọwọ́ ara wọn fa ìlà. Kí ni kóòtù tún ń wá?

Akọ̀wé Lọ́yà
Ẹlẹ́rìí. Ọ́fíìsì lọ́yà ni mo ti ń ṣiṣẹ́ n'Íbàdàn, ojoojúmọ́ là ń rí èyí. Òfin Gẹ̀ẹ́sì ti 1837 àti èyí tí Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ṣe ní 1958, ohun kan náà ni wọ́n wí: ohun tẹ́ ẹ bá tún ṣe lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti buwọ́ lùwé, àfi kẹ́ ẹ ṣe é bẹ́ ẹ ṣe ṣe ìwé gan-an. Ẹni tó ni ín á buwọ́ lù ú lójú ẹlẹ́rìí méjì tó jọ wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn náà á wá buwọ́ lù ú lójú ẹ̀. Bó bá jẹ́ nǹkan kékeré, a máa ń kọ kódísìlì, ìwé àfikún tó ń bá ti àkọ́kọ́ rìn. Bó bá pọ̀, ẹ kọ òmíràn. Ìyá Ìbejì, ká ní bàbá yín fi báírò kun ọ̀rọ̀ yẹn dúdú débi tí kò ṣeé kà mọ́, òfìfo ni kóòtù ì bá ka ibẹ̀ sí.
Ayọ̀kẹ́, ojúlówó wà ní kóòtù, báírò ilé ò débẹ̀. Ẹ sì ṣọ́ra o: àbúrò yín tí wọ́n fẹ́ fún nílẹ̀ ò gbọdọ̀ ṣẹlẹ́rìí, ọkọ ẹ̀ náà ò gbọdọ̀ ṣe é. Bí wọ́n bá ṣe é, ìwé á dúró, ilẹ̀ á bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀.

Títí Sùúrùlérè
Tiwa tún yàtọ̀. Bàbá wa ò tọwọ́ bọ ìwé ìhágún wọn rárá. Lẹ́yìn tí màmá wa kú, wọ́n bá obìnrin kan ṣègbéyàwó ní rẹ́jísìrì, a jó, a náwó. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa pé ọjọ́ yẹn gan-an nìwé ìhágún ti kú.

Bọ̀dá Mushin
Ìgbéyàwó pa ìwé? Títí, irọ́ nìyẹn.

Akọ̀wé Lọ́yà
Kì í ṣe irọ́. Ìgbéyàwó rẹ́jísìrì máa ń fagi lé ìwé ìhágún tẹ́ni náà ti ṣe tẹ́lẹ̀, àyàfi tó bá hàn nínú ìwé pé torí ìgbéyàwó yẹn ni wọ́n ṣe ṣe é. Tìbílẹ̀ ò ní wàhálà yẹn lọ́dọ̀ wa.

Títí Sùúrùlérè
Ẹ ṣé. Òfin Èkó ni wọ́n wá fi pín in, ìdá kan nínú mẹ́ta fún ìyàwó, ìdá méjì fáwa ọmọ. Ilé tí bàbá sọ lẹ́nu pé tèmi ni, gbogbo wa la jọ ni ín báyìí.

Ìyá Ìbejì
Ìyàwó tuntun yẹn mọ̀ o. Ó mọ̀ kó tó wọ rẹ́jísìrì.

Títí Sùúrùlérè
Kò mọ̀. Ẹ má di ẹ̀bi rù ú, òun ló tọ́jú bàbá títí wọ́n fi kú.

Adé Ọ̀ṣogbo
Ohun tí mo ń wí gan-an nìyí. Ìdí-igi, ìyẹn ìpín kan náà fún ìyàwó kọ̀ọ̀kan àtàwọn ọmọ ẹ̀, ni kẹ́ ẹ fi pín in, kò sí kódísìlì níbẹ̀.

Ìyá Ìbejì
Ìdí-igi kẹ̀? Ìyàwó tó bímọ kan àtèyí tó bímọ méje, kí wọ́n gbà bákan náà? Orí-ò-jorí ló dáa, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gba ìpín tiẹ̀ lọ́gbọọgba.

Adé Ọ̀ṣogbo
Ẹjọ́ Dawodu àti Danmole dé Lọ́ńdọ̀nù, 1962 ni wọ́n dá a. Ìyàwó mẹ́rin, ọmọ mẹ́sàn-án. Ìdí-igi ló borí. Ẹ lọ bi wọ́n.

Ọmọ Ìlọrin
Ẹ̀yin Mùsùlùmí inú yín, ẹ rántí pé ìdá kan nínú mẹ́ta lẹ lè há, ẹ ò sì lè há a fẹ́ni tó ti ní ìpín nínú ogún, àfi táwọn ajogún yòókù bá gbà. Kódísìlì ò yí ìyẹn padà.

Àlàbí Peckham
Ẹ jẹ́ n sọ tiwa. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi níwèé ìhágún ní Nàìjíríà, ilé Abẹ́òkúta ló wà níbẹ̀. Nígbà tára ò yá mọ́, wọ́n ṣe òmíràn lọ́dọ̀ lọ́yà kan níbí ní Lọ́ńdọ̀nù torí fúláàtì wọn. Lọ́yà yẹn kọ ọ̀rọ̀ tí gbogbo wọn máa ń kọ síbẹ̀rẹ̀: "mo fagi lé gbogbo ìwé ìhágún tí mo ti ṣe tẹ́lẹ̀." Gbólóhùn kan péré! Àwọn ọmọ ìyàwó ilé ní ti Nàìjíríà ti kú nìyẹn, àwọn ọmọ tibí ní ti fúláàtì nìkan ni bàbá ní lọ́kàn.

Bọ̀dá Mushin
Hẹ̀n-ẹ́n! Gbogbo yín tẹ́ ẹ wà lókè òkun, ẹ lọ ka ìwé yín lálẹ́ yìí.

Akọ̀wé Lọ́yà
Wọ́n ì bá kọ ọ́ pé ohun ìní tó wà ní England nìkan nìwé yẹn kàn.

Àlàbí Peckham
Lọ́yà ò béèrè, bàbá ò sọ. Nígbà kòrónà tiẹ̀ ni, orí fídíò làwọn ẹlẹ́rìí ti wo bàbá. Wọ́n gbà á láyè níbí títí di oṣù kìíní 2024.

Ọmọ Ìlọrin
Fídíò! Ká ní ọ̀dọ̀ wa ni, kí bàbá tó buwọ́ lù ú tán, iná ti lọ.

Ìyá Ìbejì
Àlàbí, ta ló wá gba ilé Abẹ́òkúta?

Àlàbí Peckham
Ẹjọ́ ṣì wà ní kóòtù, àwọn ayálégbé ló ń jayé orí wọn níbẹ̀. Wọn ò sanwó fẹ́nikẹ́ni, wọ́n ní àwọn ò mọ onílé.