Kí la ó pe "jail booking record"? Ìdí tí n kò fi fara mọ́ "ìwé orúkọ ọ̀daràn"

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi, mo kí gbogbo yín.

Àbúrò wa tó ń túmọ̀ ìwé ìtọ́nisọ́nà fún àwọn Yorùbá tó wà ní Amẹ́ríkà bi wá pé kí ni òun lè pe "jail booking record", ìyẹn ìwé tí wọ́n ń kọ nípa ẹni tí wọ́n mú bí wọ́n bá gbà á wọlé sí àhámọ́. Ìwé náà ń ṣàlàyé bí ará ilé ṣe lè mọ ibi tí wọ́n gbé èèyàn rẹ̀ lọ bí ọlọ́pàá bá mú un ní ìlú tó jìnnà réré, ìpínlẹ̀ Alaska ló sì fi ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ̀gbọ́n kan ní kí a pè é ní "ìwé orúkọ ọ̀daràn". Ẹ̀gbọ́n mìíràn ní kí a máa lo "túbú" fún "jail", níbi tí ẹni tó ń dúró de ẹjọ́ sábà máa ń wà, kí a fi "ẹ̀wọ̀n" sílẹ̀ fún "prison", níbi tí wọ́n ń rán ẹni tí wọ́n ti dá lẹ́jọ́ lọ. Pẹ̀lú ọ̀wọ̀ ni mo fi sọ pé kí a má gba ti àkọ́kọ́ rárá. Ti èkejì dùn létí, ṣùgbọ́n kò ní bá ibi tí à ń sọ yìí mu.

Ẹ jẹ́ ká tú ọ̀daràn wò. "Dá ọ̀ràn" ló di "dáràn", ibẹ̀ la sì ti rí ọ̀daràn: ẹni tó ti dá a. Kò sí bóyá nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ló wà nínú ìwé tí à ń wí yìí? Orúkọ, ọjọ́ àti wákàtí tí wọ́n gbà á wọlé, ẹ̀sùn tí ọlọ́pàá ní àwọn tìtorí rẹ̀ mú un, iye owó béèlì bí wọ́n bá ti dá a, àti nígbà mìíràn àwòrán ojú rẹ̀. Nínú gbogbo rẹ̀, kò sí ibì kan tó ti sọ pé onítọ̀hún jẹ̀bi. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá ni àgbà òṣìkà, bẹ́ẹ̀ ẹnu ọlọ́pàá nìkan ni ẹ̀sùn inú ìwé yìí ti wá. Ìyá kan ní Ìkirè tàbí Ìsẹ́yìn tó bá rí orúkọ ọmọ rẹ̀ lábẹ́ àkọlé "ìwé orúkọ ọ̀daràn" lórí fóònù yóò gbà pé wọ́n ti dá ọmọ òun lẹ́bi, nígbà tó jẹ́ pé ọmọ náà lè padà sílé lọ́la láìrí ojú adájọ́ rárá.

Àwọn oníròyìn wa ti fún wa ní "afurasí", ó sì sàn ju ọ̀daràn lọ púpọ̀. Ohùn rẹ̀ ló ń kọ mí lóminú. "A" olóhùn àárín ló máa ń sọ ọ̀rọ̀-ìṣe di orúkọ ẹni tó ń ṣe nǹkan: akọrin, apẹja, akọ̀wé. Bí a bá tẹ̀ lé e, ẹni tó ń fura sí ẹlòmíràn ló yẹ kó jẹ́ afurasí. "À" olóhùn ìsàlẹ̀ ló máa ń tọ́ka sí ẹni tí nǹkan náà ṣẹlẹ̀ sí: àyànfẹ́ ni ẹni tí a yàn fẹ́, àfẹ́sọ́nà ni ẹni tí a fẹ́ sọ́nà. Àfurasí ló yẹ kó jẹ́. N kò ní bá oníròyìn jà lórí èyí tó ti mọ́ ará ìlú lẹ́nu, ṣùgbọ́n bí a bá ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ tuntun, ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé ìlànà. Ohun tí mo mú wá nìyí: àfàṣẹmú, ẹni tí wọ́n fi àṣẹ mú. Ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, kò sì fi nǹkan kan kún un.

Kí ló dé tí n kò kàn fi fara mọ́ àfurasí? Kì í ṣe gbogbo ẹni tó wà ní àhámọ́ ni wọ́n ń fura sí. Àwọn kan wà níbẹ̀ torí pé wọn ò yọjú sí kóòtù lọ́jọ́ tí wọ́n dá fún wọn. Ní Alaska pàápàá, òfin gbà kí ọlọ́pàá mú ẹni tí ọtí ti pa dé ibi tí kò lè tọ́jú ara rẹ̀ mọ́, kí wọ́n fi í pa mọ́ fún wákàtí díẹ̀ kí òtútù má baà pa á síta. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò jẹ́jọ́ kankan, kò sí ẹ̀sùn lọ́rùn rẹ̀. Ọ̀daràn kọ́, àfurasí kọ́, síbẹ̀ ó sùn nínú sẹ́ẹ̀lì.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí bí nǹkan ṣe ń lọ níbẹ̀, torí pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí a bá yàn ti máa ran ẹni tó ń wá èèyàn rẹ̀ lọ́wọ́ tàbí kó ṣì í lọ́nà. Ẹ wo ìlú Bethel, ní ìwọ̀-oòrùn Alaska, lẹ́bàá odò Kuskokwim. Kò sí títì tó so ó mọ́ ìyókù Amẹ́ríkà. Ọkọ̀ òfúrufú tàbí ọkọ̀ ojú omi lèèyàn fi ń débẹ̀. Àwọn abúlé Yup'ik, ìyẹn àwọn ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀, tó yí i ká lé ní 50, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò sì ní ọlọ́pàá tiwọn. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ lábúlé, ọlọ́pàá ìpínlẹ̀, tí wọ́n ń pè ní trooper, ló máa wọ bàálù kékeré wá mú èèyàn, tí yóò sì gbé e padà lọ sí Bethel. Bí ojú ọjọ́ bá burú, bàálù ò ní gbéra.

Ìwé mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló máa ń jáde látinú ìṣẹ̀lẹ̀ kan ṣoṣo yìí. Ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ máa ń gbé ìròyìn ohun tí wọ́n ṣe sórí íntánẹ́ẹ̀tì lójoojúmọ́. Ọgbà àhámọ́ tí wọ́n gbé e lọ náà máa ń kọ ọ́ sílẹ̀ bó bá wọlé. Kóòtù ní tirẹ̀ lọ́tọ̀, wọ́n ń pè é ní CourtView, níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè fi orúkọ wá ẹjọ́. Ẹni tí wọ́n mú lábúlé lówùúrọ̀ lè ti wà nínú ti ọlọ́pàá kó má tíì sí nínú ti ọgbà. Ẹni tí ọtí pa tí mo wí lẹ́ẹ̀kan lè wà nínú ti ọgbà kó má sì sí nínú ti kóòtù láéláé. Bí a bá wá fi "ìwé ọ̀daràn" pe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ará ilé yóò wo ọ̀kan, kò ní rí orúkọ, yóò sì rò pé irọ́ ni wọ́n pa fún òun. Nítorí náà, orúkọ mẹ́ta ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún: àkọsílẹ̀ ìfàṣẹmú fún ti ọlọ́pàá, àkọsílẹ̀ àhámọ́ fún ti ọgbà, ìwé ẹjọ́ fún ti kóòtù. Èyí tí àbúrò wa béèrè gan-an ni àkọsílẹ̀ àhámọ́. Kò ṣòro, ẹni tí kò kàwé púpọ̀ yóò gbọ́ ọ.

Ó yẹ kí ìwé ìtọ́nisọ́nà náà sọ eléyìí sókè: ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà, ọ́fíìsì sheriff, ìyẹn olórí ọlọ́pàá agbègbè, ni wọ́n ti ń béèrè ẹni tó wà ní àhámọ́. Alaska kò ní irú agbègbè tí wọ́n ń pè ní county, kò sì ní sheriff. Ẹni tó bá ń wá sheriff ti Bethel lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ojúlé àwọn oníṣòwò tó ń gbowó kí wọ́n tó fi nǹkan hàn ló máa bá ara rẹ̀.

Ibí gan-an ni ìmọ̀ràn túbú òun ẹ̀wọ̀n ti kọsẹ̀. Alaska jẹ́ ọ̀kan lára ìpínlẹ̀ mẹ́fà tí iléeṣẹ́ ìjọba kan ṣoṣo ti ń bójú tó ẹni tó ń dúró de ẹjọ́ àti ẹni tí wọ́n ti rán lẹ́wọ̀n. Nínú ọgbà Bethel, abẹ́ òrùlé kan náà ni àwọn méjèèjì ń sùn. Ilé wo la ó pè ní túbú níbẹ̀, èwo la ó pè ní ẹ̀wọ̀n? Bẹ́ẹ̀ lẹ́nu àwa Yorùbá, kì í ṣe ilé la fi ń mọ ìyàtọ̀, ohun tí wọ́n ṣe fún èèyàn ni. "Wọ́n tì í mọ́lé" kì í ṣe "wọ́n rán an lẹ́wọ̀n", ọmọdé mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kí a dúró lórí ìyẹn. Àhámọ́ ni fún ẹni tí ẹjọ́ rẹ̀ kò tíì parí, ẹ̀wọ̀n fún ẹni tí adájọ́ ti dá lẹ́jọ́, ọgbà fún ilé náà fúnra rẹ̀.

Arábìnrin kan bi wá pé kí ló dé tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ fi wà ní gbangba rárá, ṣé kò tàbùkù ẹni? Ó ń tàbùkù ẹni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí ìjọba bá lè mú èèyàn ní bòókẹ́lẹ́, ta ni yóò mọ̀ pé ó wà láàyè? Ẹni tí wọ́n ṣe níbi náà nílò rẹ̀. Ní December 1993, ní ìlú Louisville ní Kentucky, ọkùnrin kan tí wọ́n tú sílẹ̀ ní àhámọ́ yìnbọn pa Mary Byron lọ́jọ́ tí obìnrin náà pé ọmọ ọdún 21. Ọkùnrin náà wà ní àhámọ́ torí ohun tó ṣe fún Mary tẹ́lẹ̀, kò sì sí ẹni tó sọ fún Mary pé ó ti jáde. Ikú yẹn ló bí ètò tí wọ́n ń pè ní VINE, tó ń ta èèyàn lólobó bí ẹni tó wà ní àhámọ́ bá jáde. Alaska náà ń lò ó, ará ilé sì lè fi wá èèyàn wọn níbẹ̀. Àwòrán ojú ni mo kórìíra. Àwọn kan ń kó o jọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń gbowó lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n yọ tirẹ̀ kúrò, títí tí àwọn ìpínlẹ̀ bíi Georgia àti California fi ṣòfin lórí rẹ̀. Ìwé àbúrò wa gbọ́dọ̀ kìlọ̀ fún èèyàn kó má sanwó fún wọn.

Ẹnì kan sọ pé ọ̀rọ̀ òyìnbó ni gbogbo èyí, pé kò kàn wá nílé. Ó kàn wá. Òfin ACJA ti 2015, ìyẹn òfin lórí bí wọ́n ṣe ń bójú tó ẹjọ́ ọ̀ràn dídá, tí ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ṣe, sọ nínú abala 15 pé kí ọlọ́pàá kọ orúkọ ẹni tí wọ́n mú sílẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀sùn, ọjọ́, àdírẹ́sì, àwòrán àti ìtẹ̀ka. Abala 35 nínú ìwé òfin 1999 sì mọ̀ pé ọ̀nà lè jìn. Bí kóòtù bá wà láàárín kìlómítà 40, ọjọ́ kan ni wọ́n fún ọlọ́pàá láti gbé èèyàn débẹ̀. Bó bá jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọjọ́ méjì, tàbí iye tí kóòtù bá rí i pé ó tọ́. Kàńtà àgọ́ ọlọ́pàá ni ìwé tiwa wà, kì í ṣe orí íntánẹ́ẹ̀tì. Àkọsílẹ̀ àhámọ́ náà ni.

Ó ku ọ̀rọ̀ ìṣe. Fún "booked", mo dábàá "wọ́n ti gbà á sí àhámọ́". Fún "released", "wọ́n tú u sílẹ̀", kì í ṣe "wọ́n dá a sílẹ̀", kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé adájọ́ ti dá a láre. Béèlì lè jẹ́ ìdí rẹ̀. "Transferred" ló ṣì ń fún mi níṣẹ́, bẹ́ẹ̀ àwọn ará Bethel máa ń rí i dáadáa bí wọ́n bá gbé èèyàn wọn lọ sí ọgbà mìíràn. "Ṣí nípò padà" ti jẹ́ ti òṣìṣẹ́ ìjọba. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣiṣẹ́ ní kóòtù tàbí ní ọgbà ẹ̀wọ̀n nílé, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ máa ń sọ?