Yíyẹ ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà wò ládùúgbò: báwo la ṣe máa ṣe é tí nọ́ńbà kò fi ní tàn wá jẹ?

Akọ̀wé Àdúgbò

Ẹ kú déédéé ìwòyí o, ẹ̀yin ará. Ẹgbẹ́ onílé àti ayálégbé wa n'Ìbàdàn, níjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé, fẹ́ máa yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà wò fáwọn ará àdúgbò, Sátidé kan lóṣù. Ẹ̀rọ BP aláwémápá méjì, tí a fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, ti wà nílẹ̀, ẹ̀rọ ṣúgà kan pẹ̀lú strip 50, ìyẹn pélébé tí a ń kán ẹ̀jẹ̀ sí. Nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì yóò wà pẹ̀lú wa. Bí èèyàn 50 là ń retí.

Ìbéèrè mẹ́ta ni mo ní. Nígbà tá a dán ẹ̀rọ wò, ẹnì kan gbé 158/94, kò pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó gbé 134/82. Èwo ni ká kọ sílẹ̀? Ẹ̀ẹ̀kejì, bí nọ́ńbà ẹnì kan bá ga gan-an, kí ló tọ́ kí àwa tí a kì í ṣe dókítà ṣe? Ẹ̀ẹ̀kẹta, ta ló yẹ ká sọ fún ká tó bẹ̀rẹ̀?

Nọ́ọ̀sì Àgbà

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú, Akọ̀wé. Ẹ̀rọ yín kò purọ́. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú oòrùn wọlé, tó ń kí èèyàn káàkiri, tí ìtọ̀ tún ń gbọ̀n ọ́n, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á ga lóòótọ́ lásìkò yẹn. Tó bá fara balẹ̀, á wálẹ̀. Nọ́ńbà ìgbà tó fara balẹ̀ lẹ̀ ń wá.

Ẹ to àga mẹ́fà tó ní ẹ̀yìn sílẹ̀ dè wọ́n, kì í ṣe bẹ́ǹṣì. Kí oníkálukú kọ́kọ́ lọ tọ̀, kó wá jókòó fún ìṣẹ́jú márùn-ún: kó fẹ̀yìn tì, kó fi àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì lélẹ̀, kó má kọ́ ẹsẹ̀ léra, kó má sì sọ̀rọ̀. Ẹ bi í bóyá ó jẹ obì, mu kọfí tàbí sìgá láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sẹ́yìn. Obì làwọn àgbà máa ń gbàgbé láti dárúkọ, bẹ́ẹ̀ ohun tó ń lani lójú nínú kọfí ló wà nínú òun náà. Bó bá jẹ ẹ́, ẹ jẹ́ kó dúró díẹ̀ sí i.

Ara ìhòòhò ni kẹ́ ẹ we ẹ̀rọ náà mọ́. Ẹ má ká apá bùbá sókè kó wá fún un lápá pinpin, ìyẹn náà máa ń da nọ́ńbà rú. Kó kúkú bọ́ apá aṣọ kan sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kó fi ìka méjì ga ju ìgbọ̀nwọ́ lọ, kẹ́ ẹ gbé apá náà lé tábìlì tàbí ìrọ̀rí kó bá ọkàn dọ́gba. Apá tó kọ́ dirodiro sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga máa ń gbé nọ́ńbà sókè.

Ohun tó máa ń bá ọ̀pọ̀ irú ètò yìí jẹ́ rèé: aṣọ ẹ̀rọ, èyí tí a ń wé mọ́ apá, tó kéré fún apá náà. Èyí tó sábà ń bá ẹ̀rọ wá nínú páálí, apá 22 sí 32 sẹ̀ǹtímítà ló wà fún. Ẹ gba tépù lọ́wọ́ tẹ́lọ̀, ẹ yí ojú tó ní sẹ̀ǹtímítà síta, ẹ wọn àárín méjì èjìká àti ìgbọ̀nwọ́, ibi tó bá dá méjì ni kẹ́ ẹ fi tépù yí po. Bó bá ju 32 lọ, aṣọ kékeré á fún un jù, á sì sọ ẹni tí ara rẹ̀ dá di aláìsàn. Ẹ ra aṣọ ńlá kan, 32 sí 42. Ó wúlò ju ẹ̀rọ kẹta lọ.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni kẹ́ ẹ wọ̀n ọ́n, ìṣẹ́jú kan láàárín, kẹ́ ẹ pa méjèèjì pọ̀, kẹ́ ẹ wá pín in sí méjì. Bí méjèèjì bá fi ju 10 lọ jìnnà síra, bíi tẹni tẹ́ ẹ sọ yẹn, ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kẹta, kẹ́ ẹ fi ti àkọ́kọ́ sílẹ̀. Ká ní ẹ̀ẹ̀kẹta gbé 136/84, àá pa á pọ̀ mọ́ 134/82, a ó sì kọ 135/83. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ nìkan, ẹ wọn apá méjèèjì. Èyí tó bá ga jù lẹ ó máa lò títí lọ.

Ìṣẹ́jú mẹ́rin lẹnì kan á gbà lórí ẹ̀rọ, ìyẹn èèyàn 15 ní wákàtí kan. Ẹ̀rọ méjì á fẹ́rẹ̀ẹ́ gba wákàtí méjì fún 50. Ẹ má kánjú ṣe é. Kẹ́ ẹ sì pààrọ̀ bátìrì kó tó kú tán.

Òṣìṣẹ́ Ìlera Wọ́ọ̀dù

Mo fara mọ́ gbogbo ohun tí Nọ́ọ̀sì sọ. Ó ku ohun tẹ́ ẹ máa ṣe sí nọ́ńbà náà.

Tó bá wà lábẹ́ 140/90, ẹ kọ ọ́, ó di oṣù tó ń bọ̀. Láti 140/90 dé 159/99, ẹ má tíì pe ẹni náà ní ẹlẹ́jẹ̀ ríru. Ẹ pè é padà láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Bó bá tún ga lọ́jọ́ kejì, ẹ fún un ní ìwé lọ sí ilé ìwòsàn alábọ́dé. Láti 160/100, kó dé ibẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn. Bí nọ́ńbà òkè bá tó 180 tàbí ti ìsàlẹ̀ tó 110, ẹ jẹ́ kó sinmi, ẹ tún un wọ̀n. Bí kò bá wálẹ̀, ọjọ́ náà gan-an ni kí dókítà rí i. Bí àyà bá tún ń dùn ún, tí kò lè mí dáadáa, tí orí ń fọ́ ọ tàbí ojú ń ṣú u, ọkọ̀ ni kẹ́ ẹ wá.

Aláboyún kò sí lára ìṣirò yìí. 140/90 péré ló tó láti lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún ẹnikẹ́ni ní oògùn lójú ẹsẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kẹ́nì kan ki oògùn sábẹ́ ahọ́n ẹlòmíì. Ẹ̀jẹ̀ tó já wálẹ̀ lójijì lè fa rọpárọsẹ̀ tí a ń sá fún. Bí ẹnu ẹnì kan bá ṣàdédé wọ́, tí apá kan rọ, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò já geere mọ́, ẹ wo aago, ẹ kọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, ẹ gbé e lọ. Kò gbọdọ̀ jẹ, kò gbọdọ̀ mu, àgbo tàbí omi.

Ní ti ẹni tó yẹ kẹ́ ẹ sọ fún: ẹ kọ lẹ́tà sí ọ̀gá ilé ìwòsàn alábọ́dé tó wà ní wọ́ọ̀dù yín, kẹ́ ẹ fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí ìgbìmọ̀ ìdàgbàsókè wọ́ọ̀dù. Ẹ béèrè lọ́jọ́ wo ni wọ́n ń rí ẹlẹ́jẹ̀ ríru, àti ẹni tó máa gba àwọn tẹ́ ẹ bá rán wá. Níbi tẹ́nikẹ́ni ò ti mọ̀ pé wọ́n ń bọ̀, wọ́n á kàn ní kí wọ́n padà lọ ni. Ẹ béèrè nípa ètò adójútòfò ìlera ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, OYSHIA, náà. Ó lè jẹ́ owó ló ń dá ẹlòmíì dúró, kì í ṣe agídí.

Ará Lábù

Èmi ò bá dín ti ṣúgà kù. Strip 50 fún èèyàn 50, ẹ ó ná an tán lọ́jọ́ kan, kò sì ní sí èyí tẹ́ ẹ máa fi tún ẹnikẹ́ni yẹ̀ wò. Ẹ fi í fáwọn tó ti lé ní 40, àwọn tó sanra, àwọn tí òbí wọn ní àtọ̀gbẹ, ìyẹn àrùn ṣúgà, àti ẹni tó bá ní òùngbẹ ń gbẹ òun tí òun sì ń tọ̀ lóru léraléra.

Ẹ bi ẹni náà ìgbà tó jẹun kẹ́yìn, kẹ́ ẹ kọ ọ́ síwájú nọ́ńbà. Màmá tó jẹ ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín ní aago méje, tí ẹ yẹ̀ wò ní mẹ́jọ, ẹ ò lè fi òun wé ẹni tí kò tíì fẹnu kan nǹkan fún wákàtí mẹ́jọ. Fún ẹni tí kò jẹun, 126 mg/dL sókè kò dáa. Fún ẹni tó ti jẹun, 200 sókè ni kẹ́ ẹ rán lọ. Lábù ló máa fìdí ẹ̀ múlẹ̀, kì í ṣe ẹ̀rọ ọwọ́.

Ọṣẹ àti omi ni kó fi fọwọ́, kó nù ún gbẹ. Ẹni tó bó ọsàn wá, ṣúgà ọsàn ló máa hàn. Ẹ gún ẹ̀gbẹ́ ìka, kì í ṣe orí ìka. Abẹ́rẹ́ kan, èèyàn kan; kódà ọmọ ìyá méjì ò gbọdọ̀ pín in lò. Inú kẹ́ẹ̀gì tó nípọn tó sì ní ọmọrí ni kẹ́ ẹ jù ú sí, kẹ́ ẹ gbé e fún ilé ìwòsàn. Ẹ máa dé ìgò strip pa kíákíá, atẹ́gùn ń bà á jẹ́.

Ẹni tó ti ń lo oògùn àtọ̀gbẹ, ẹ má ní kó má jẹun títí aago mọ́kànlá. Bí nọ́ńbà rẹ̀ bá wà lábẹ́ 70, tó ń gbọ̀n, tó ń làágùn, ẹ fún un ní ààbọ̀ gíláàsì mínírà aládùn, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 15, kẹ́ ẹ tún un yẹ̀ wò. Tí kò bá mọ nǹkan mọ́, ẹ má da ohunkóhun sí i lẹ́nu.

Akọ̀wé Àdúgbò

Ọlọ́run á bù kún yín. A ó ra aṣọ ńlá yẹn. Ìkan ló kù: bàbá kan ní 170/100 lẹ́ẹ̀mejì, ó ní kò sóhun tó ń ṣe òun, àgbo lòun ó mu.

Nọ́ọ̀sì Àgbà

Ẹ má bá bàbá jiyàn níwájú èèyàn. Ẹ pè wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ fi nọ́ńbà méjèèjì hàn wọ́n, kẹ́ ẹ ní ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà dunni kó tó ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ bi wọ́n ohun tí wọ́n ń lò fún ara ríro; ibuprofen, diclofenac àti piroxicam máa ń gbé ẹ̀jẹ̀ sókè, ọ̀pọ̀ àgbà ló sì ń gbé wọn mì lójoojúmọ́ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n bá ti fìgbà kan gba oògùn tí wọ́n pa á tì, ẹ béèrè ìdí. Bó bá jẹ́ ẹsẹ̀ wíwú látinú amlodipine tàbí ikọ́ látinú lisinopril, tí méjèèjì jẹ́ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, dókítà lè fi òmíràn rọ́pò ẹ̀.

Orúkọ wọn kò gbọdọ̀ dé orí WhatsApp àdúgbò. Nínú ìwé yín, ẹ fa ìlà kan tí a ó kọ "Ṣé ó lọ?" sí lórí. Ẹ pè wọ́n lórí fóònù ní Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e. Bí wọn ò bá tíì lọ, kí ẹnì kan tí wọ́n fọkàn tán bá wọn lọ.