Àbí ìran ẹ̀tẹ̀ ni? Èsì mi sí «ìránètè»

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìjókòó.

Ẹ̀gbọ́n wa kan nínú ẹgbẹ́ yìí ní kí a máa pe iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi ń tún ètè ṣe fún ọmọ tí wọ́n bí pẹ̀lú ètè yíya ní «ìránètè». Bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ gan-an nìyí: iranete. Kò sí àmì ohùn, kò sí àmì abẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kò ní jẹ́ kí ìyá ọmọ jòjòló tó bá rí i lára ògiri ilé ìwòsàn kà á sí «ìran ẹ̀tẹ̀»? Ohùn kan náà ni ètè àti ẹ̀tẹ̀ ní, àmì abẹ́ nìkan ló yà wọ́n. Àwọn àgbà ní wọn kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Tiwa tún le: ibi tí kò sí ẹ̀tẹ̀ rárá la gbé e lọ.

Àmọ́ «rán» yẹn gan-an ló ń bí mi nínú. Mo mọ̀ pé nọ́ọ̀sì á ní «a ti rán an». Kò burú, okùn ni wọ́n lò. Ṣùgbọ́n ohun tó ya là ń rán, ètè yìí kò sì ya rí. Nínú oyún, láàárín ọ̀sẹ̀ 4 sí 7, ẹran tó yẹ kó pàdé ni kò pàdé.

Dókítà kì í sì í kàn fa etí àlàfo náà méjèèjì pọ̀. Ọ̀nà tí Ralph Millard, dókítà ará Amẹ́ríkà, gbé jáde láàárín ọdún 1950 sí 1960, yíyí àti sísún ni: wọ́n á gé ìhà àárín, wọ́n á yí i wálẹ̀ kí orí ètè lè dọ́gba, wọ́n á wá sún ìhà ẹ̀gbẹ́ wá dí àyè tó ṣí sílẹ̀. Ti dókítà mìíràn, Tennison, ọdún 1952, ègé onígun mẹ́ta ló ń fi há a láàárín. Iṣan tó yí ẹnu ká ńkọ́? Ó di dandan kí wọ́n so ó pọ̀ lábẹ́ awọ. Èwo ni rírán níbẹ̀?

Ẹ óò ní aṣọ òfì náà, rírán ni wọ́n ń rán an pọ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìyá mi àgbà, ní Ìsẹ́yìn, á na aṣọ sórí eékún, á fi èékánná tẹ̀ lé ojú ìlà láti ọ̀já kan dé èkejì. Bí ìlà bá fi ìwọ̀n òwú kan péré yẹ̀, á ní: «Kò pàdé.» Wọn kì í ní «kò rán». Bí ààlà pupa ètè ọmọ bá yẹ̀ ní mìlímítà 1, gbogbo ayé ló máa rí i. «Ìmúpàdé ètè» lèmi fara mọ́.

Mo rí ọmọ àbúrò mi lọ́jọ́ kejì iṣẹ́ abẹ rẹ̀. Wọ́n ti ká páálí mọ́ ìgúnpá rẹ̀ méjèèjì kó má baà fọwọ́ kan ojú okùn; apá rẹ̀ nà gbọọrọ bí ti ère. Kí wọ́n tó ṣe é, wọ́n ní kó pé ọ̀sẹ̀ 10, kó wọn pọ́n-ùn 10, kí hemoglobin inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ (èyí tó ń gbé atẹ́gùn káàkiri ara) náà tó gíráàmù 10 nínú désílítà kan. Ìyá rẹ̀ kò sọ «rán» lẹ́ẹ̀kan. «Ó ti pàdé» ló ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá pè é.

Ẹni tó fèsì sí ẹ̀gbọ́n wa pé ká padà sí «ètè ehoro» («harelip»), àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó ni ín gan-an ti ń sá fún un. Ẹni tó sì ní ará Ìsẹ́yìn bíi tèmi kò gbọ́dọ̀ kọ́ ará Ọ̀yọ́ ní ohùn, kó kọ́kọ́ fi àmì sórí orúkọ ara rẹ̀ ná.