Kì í ṣe àárẹ̀, kì í ṣe ẹ̀gbà: èsì mi lórí orúkọ myasthenia gravis àti ìgbérí rẹ̀

Ẹ̀yin àgbà èdè àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi,

Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tí a ti ń fa ọ̀rọ̀ yìí: kí ni Yorùbá yóò pe myasthenia gravis, àìsàn tí okun iṣan fi ń tán bí a bá ń lò ó, tó sì ń padà bó bá sinmi, kí sì ni a ó pe ìgbà tí àìsàn mìíràn bá kọlu ẹni tó ní in, tí èyí tó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ sì dìde lójijì? Ẹ̀gbọ́n wa tó dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ mú “ẹ̀gbà alọ-bọ̀” wá. Ẹnìkan ní “àárẹ̀ iṣan” ti tó. Ẹlòmíràn ní kí a yá fòníkú-fọ̀ladìde lò. Bàbá wa kan sì béèrè ohun tí a fẹ́ fi orúkọ ṣe fún àìsàn òyìnbó tí kì í ṣe ọ̀pọ̀ ènìyàn. N kò lè dákẹ́, nítorí pé àbúrò mi obìnrin wà lára àwọn tó ń ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú “àárẹ̀”, torí òun ló dùn mí jù. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ikọ́ àti ibà mú àbúrò mi. Wọ́n gún un ní abẹ́rẹ́ gentamicin, oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn, ní kẹ́míìsì kan. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ìpéǹpéjú rẹ̀ ti wálẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ láti imú, omi tó mu sì gba imú rẹ̀ padà jáde. Màmá wa gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n sì sọ fún nọ́ọ̀sì pé, “Ẹ jọ̀ọ́, ó ti rẹ̀ ẹ́ gan-an.” Ohun tí ọmọ Yorùbá èyíkéyìí yóò gbọ́ ni nọ́ọ̀sì náà gbọ́: ibà ló mú un, ó rẹ̀ ẹ́, kó sinmi. Ó ní kó lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ó lé ní wákàtí méjì tó fi wà níbẹ̀, tí èémí rẹ̀ ń kúrú sí i, kí dókítà kan tó ń kọjá lọ tó rí bí ọrùn rẹ̀ kò ṣe gbé orí rẹ̀ mọ́. Màmá wa kò parọ́, nọ́ọ̀sì yẹn kò sì níkà nínú. Ọ̀rọ̀ ló já àwọn méjèèjì kulẹ̀.

Ẹ wo iṣẹ́ tí “rẹ̀” ń ṣe lédè wa. Ó rẹ àgbẹ̀ tó ti oko dé. Ó rẹ ẹni tí kò sùn. Bí ọba bá ń ṣàìsàn, a ní àárẹ̀ mú kábíyèsí. Àìsàn gbogbo ni àárẹ̀, èyí tí oorun lè wò sì ni ti ọ̀pọ̀ wọn. Bí a bá wá lẹ “iṣan” mọ́ ọn, etí á gbé “àárẹ̀” dání, á sì ju “iṣan” nù.

“Ẹ̀gbà alọ-bọ̀” sàn ju ìyẹn lọ, nítorí ó gbìyànjú láti sọ pé okun ń lọ, ó sì ń bọ̀. Òótọ́ gan-an nìyẹn. Láti ọdún 1672 ni oníṣègùn Gẹ̀ẹ́sì kan, Thomas Willis, ti kọ nípa obìnrin kan tó jẹ́ pé bó bá sọ̀rọ̀ pẹ́, ohùn rẹ̀ á lọ, á yadi bí ẹja fún wákàtí kan tàbí méjì, lẹ́yìn náà ohùn á padà. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbà fúnra rẹ̀ ni kò bá a mu. Nígbà tí Friedrich Jolly sọ àìsàn yìí lórúkọ ní Berlin ní 1895, ó fi ọ̀rọ̀ kẹta mọ́ ọn, pseudoparalytica, èyí tó túmọ̀ sí pé ó jọ ẹ̀gbà, kì í ṣe ẹ̀gbà. Ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ ti kìlọ̀ fún wa. Nílé wa, bí wọ́n bá ti gbọ́ ẹ̀gbà, rọpárọsẹ̀ ló máa sọ sí wọn lọ́kàn, wọn á sì máa wá ìlàjì ara tó kú. Kò sí ìlàjì kankan tó kú níbí.

Fòníkú-fọ̀ladìde ti ní olóhun. Àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́ SS ló ń ru orúkọ yẹn, ẹ sì bi wọ́n bóyá ó fúyẹ́ lọ́rùn wọn. N kò ní fọwọ́ sí i kí a tún gbé e ru ẹlòmíràn.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara ni mo fẹ́ kí orúkọ náà tẹ̀ lé. Ọpọlọ rán iṣẹ́ sí iṣan pé kó gbéra. Iṣẹ́ náà dé ẹnu ọ̀nà, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ogun ara, tó yẹ kó máa bá àrùn jà, ti dí ibi tí iṣan fi ń gba iṣẹ́ wọlé, wọ́n sì ti ba òmíràn jẹ́ níbẹ̀. Iṣan kò kú, ọpọlọ kò sì ṣàìsàn. Gbígbé ọwọ́ àkọ́kọ́ lè dára, ìkẹwàá á kọ̀. Ẹ rántí ìlù dùndún nígbà òjò: awọ kò ya, ọṣán kò já, síbẹ̀ awọ á dẹ̀, ohùn ìlù á sì wọlẹ̀. Bí onílù bá yá a nínú oòrùn, á tún dún. Nítorí náà, iṣandídẹ̀ ni mo dá lábàá. Mo mọ̀ pé inú “dẹ̀” yìí kan náà ni ìdẹ̀ra ti jáde, ohun rere sì ni ìdẹ̀ra. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí n kò fi gbà kí a gé e kúrú sí “ìdẹ̀”. Iṣan gbọ́dọ̀ wà níwájú.

Ó wá ku ìgbà tó bá dìde lójijì, èyí tó mú wa débí gan-an. Orúkọ mẹ́ta ló wà nílẹ̀. “Ìsọjí” kò ṣeé ṣe, torí ènìyàn ló ń sọjí, ayọ̀ ni, àwọn ìjọ sì ti gbà á. “Ìrúsókè” ń rán mi létí ẹ̀jẹ̀ ríru. “Oògùn-ò-ká” ló ń dẹ́rù bà mí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọgbọ́n èdè wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ pé oògùn ò ká a, kí ni yóò ṣe? Yóò fi pyridostigmine, oògùn tí wọ́n ń lò fún àìsàn yìí, kún pyridostigmine. Bẹ́ẹ̀ sì ni àpọ̀jù oògùn yẹn náà ń dá iṣan dúró: itọ́ á máa dà, òógùn á bo ara, inú á máa ṣí, ẹran ara á máa ta pọ́nún-pọ́nún, okun á sì túbọ̀ tán. Dókítà nìkan ló lè mọ èyí yàtọ̀ sí ti àìsàn fúnra rẹ̀. Orúkọ kò gbọ́dọ̀ ti ènìyàn síbi ìgò oògùn.

Ìgbérí ni tèmi. Àìsàn tó ti dùbúlẹ̀ gbérí. Bí òun ṣe ń gbé orí tirẹ̀ sókè ni orí ẹni tó ń ṣe ń ṣubú síwájú, torí iṣan ọrùn wà lára àwọn tó máa ń dẹ̀. Àbúrò mi ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mi lẹ́yìn tó bọ́ nínú ewu, pé, “Ẹ̀gbọ́n mi, ó gbé orí tiẹ̀, ó sì gbé tèmi sílẹ̀.” N kò rí ọ̀rọ̀ tó dára tó ìyẹn.

Ohun tó mú un gbérí náà nílò orúkọ, n kò sì fara mọ́ “okùnfà” tí àwọn kan ń lò. Ibà kọ́ ló bí iṣandídẹ̀. Ìyá tó bá gbọ́ pé ibà ni okùnfà yóò wo ibà sàn, yóò sì rò pé ó ti parí. Atọ́jà ni ibà. Ìjà ti wà nílẹ̀, òun ló tọ́ ọ. Àkóràn, pàápàá ti ọ̀fun àti ẹ̀dọ̀fóró, ló wọ́pọ̀ jù nínú àwọn atọ́jà. Iṣẹ́ abẹ náà wà níbẹ̀, oyún àti ìbímọ náà wà níbẹ̀. Èyí tó burú jù ni pé oògùn tí a fi ń lé atọ́jà kan lè jẹ́ atọ́jà kejì: gentamicin, ciprofloxacin, azithromycin, quinine tí a ń lò fún ibà, àti magnesium tí wọ́n ń fà sí aboyún tí gìrì gbé lára. Èyí kò sọ pé kí a fi àkóràn sílẹ̀ láìtọ́jú o. Ó gbọ́dọ̀ gba ìtọ́jú kíákíá, ṣùgbọ́n kí ẹni tó fẹ́ kọ oògùn kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ àìsàn tó wà nílẹ̀.

Nínú 100 tó ní iṣandídẹ̀, bí 15 sí 20 ni yóò kan ìgbérí tó dé èémí nígbà kan láyé wọn. Ẹnìkan fẹ́ kí a pe èyí ní “mímí gúlegúle”. Ẹ má ṣe é, mo bẹ̀ yín. Ẹni tó ń mí gúlegúle ń pariwo, gbogbo ilé á gbọ́. Ẹni tí iṣan èémí rẹ̀ dẹ̀ kì í lágbára láti pariwo, jẹ́jẹ́ ló máa ń lọ. Kódà ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi há ìka láti wọn afẹ́fẹ́ inú ẹ̀jẹ̀ lè máa fi iye tó dára hàn nígbà tí iṣan ti ń jọ̀wọ́ ara wọn. Ohun tó ṣeé ṣe nílé ni kí ó mí sínú dáadáa, kó sì máa kà sókè láìtún mí, iye méjì ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Àgbàlagbà tó le á kà dé nǹkan bí 50. Bí kò bá dé 20, tàbí tí kò lè gbé itọ́ mì, ilé ìwòsàn tó ní ẹ̀rọ amúnimí ló kù, kì í ṣe kí a dúró de ilẹ̀ ọjọ́ kejì. Níbẹ̀ ni wọ́n ti lè pààrọ̀ omi inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tàbí fa immunoglobulin, èròjà agbógunti-àrùn tí wọ́n yọ láti inú ẹ̀jẹ̀ àwọn ẹlòmíràn, sí i lára. “Ìgbérí tó dé èémí” ni kí a máa pè é, bó tilẹ̀ gùn. Gbólóhùn tí màmá wa ìbá sì sọ lọ́jọ́ náà ni: “Èémí rẹ̀ ò tó o.”

Bàbá wa, ẹ má bínú, n kò gbà pé ti òyìnbó ni. Mary Walker, dókítà kan ní Greenwich ní London, ló fi hàn ní 1934 pé oògùn kan lè mú iṣan wọ̀nyí le padà. Physostigmine ni, inú ẹ̀wà Calabar ni wọ́n sì ti ń yọ ọ́, ẹ̀wà olóró tí wọ́n ń fún àwọn tí wọ́n bá fẹ̀sùn àjẹ́ kàn jẹ lápá Calabar láyé àtijọ́. Ilẹ̀ tiwa ló bí oògùn náà. Ó yẹ kí ahọ́n tiwa lè pe àìsàn náà.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún rèé. Mo fẹ́ tẹ káàdì kan fún àbúrò mi ní ọjọ́ Ẹtì, èyí tí yóò máa wà nínú àpò rẹ̀. Mo kọ ọ́ báyìí:

“Mo ní àìsàn iṣandídẹ̀, myasthenia gravis. Bí ibà tàbí ikọ́ bá mú mi, ó lè gbérí. Bí n kò bá lè sọ̀rọ̀ tàbí gbé itọ́ mì, kì í ṣe pé ó rẹ̀ mí, èémí mi ni kò tó. Ẹ gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá. Ẹ má fún mi ní oúnjẹ tàbí oògùn lẹ́nu. Ẹ má gún mi lábẹ́rẹ́ kí ẹ tó fi káàdì yìí han dókítà.”

Ẹ bá mi wo àmì ohùn orí rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ ní orílẹ̀-èdè Benin, ṣé “gbérí” yóò yé àwọn èèyàn yín bẹ́ẹ̀, àbí ẹ ní ọ̀rọ̀ tó ṣe tààrà jù ú lọ?