Híhù, sísèkán, ebu: ọ̀rọ̀ wísíkì ní Yorùbá

Àbá márùn-ún ló wà nílẹ̀ báyìí lórí bí a ó ṣe máa sọ̀rọ̀ wísíkì Skọ́tlándì àti ti Írẹ́lándì ní Yorùbá. Wọ́n ní kí a pe wísíkì fúnra rẹ̀ ní «ògógóró òyìnbó» tàbí «omi ìyè». Kí single malt (wísíkì ibi iṣẹ́ kan ṣoṣo, tí wọ́n fi báálì tí wọ́n mú hù ṣe) di «oníhóró kan». Kí blended (wísíkì oríṣiríṣi tí wọ́n dà pọ̀) di «àbùlà». Kí a sì máa lo «sẹ́» fún iṣẹ́ tó ń sọ ọtí tí kò le di ọtí líle. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀yin tí ẹ mú wọn wá, ṣùgbọ́n n kò lè fara mọ́ ìkankan. Ara ìgò la ti wo àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí. Ẹ jẹ́ ká lọ wò wọ́n níbi iṣẹ́.

Ẹmu ni wọ́n fi ń se ògógóró, ti ọ̀pẹ tàbí ti ògùrọ̀, ṣúgà sì ti wà nínú ẹmu látorí igi. Ọkà ni wísíkì, ọkà kò sì ní ṣúgà tó lè di ọtí. Ohun tó ń jẹ́ kí ẹ̀kọ dì ló kún inú rẹ̀, àfi bó bá hù, tàbí tí a da èyí tó hù pọ̀ mọ́ ọn, ni nǹkan náà tó lè yí padà di ṣúgà. Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ àti ọtí bàbà ni ìbátan wísíkì nílé wa, kì í ṣe ògógóró.

«Omi ìyè» ní ìtàn tó dúró. Uisge beatha ni wọ́n ń pè é ní èdè Gaelic ti Skọ́tlándì, uisce beatha ni ti Írẹ́lándì, omi ìyè sì ni ìtumọ̀ méjèèjì, láti inú aqua vitae ti Látìn. Ìwé ìṣírò owó ọba Skọ́tlándì ti ọdún 1494 kọ ọ́ pé wọ́n wọn bolls 8 (òṣùwọ̀n ọkà ayé ìgbà náà) ọkà híhù, ìyẹn malt, fún Friar John Cor, ẹni ẹ̀sìn kan, kó fi ṣe aqua vitae. Ṣùgbọ́n omi ìyè ti ní olúwa ní Yorùbá: inú Ìwé Jòhánù ló wà, lẹ́bàá kànga Samáríà. A kò gbọdọ̀ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. «Wísíkì» ti tó, ìkọ̀wé kan ṣoṣo, ì báà jẹ́ ti Skọ́tlándì tí kì í ní e (whisky) tàbí ti Írẹ́lándì tó sábà máa ń ní in (whiskey).

Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an ni malt, ọkà tí wọ́n mú hù. Bí a bá ní «mọ́ọ̀tì», ìgò dúdú aládùn tí wọ́n ń gbé fún ọmọdé àti ẹni tí kì í mutí lóde ìnáwó ni yóò wá síni lọ́kàn. Ẹ wo ìyá tó ń ṣe ṣẹ̀kẹ̀tẹ́. Á rẹ àgbàdo sómi fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, á tẹ́ ẹ sórí ewé, á bò ó títí á fi ta gbòǹgbò, á wá sá a, á lọ̀ ọ́. Ohun tí wọ́n ń ṣe sí ọkà báálì nìyẹn ní Laphroaig àti Bowmore, ibi iṣẹ́ wísíkì méjì ní erékùṣù Islay ní Skọ́tlándì, níbi tí wọ́n ṣì ti ń tẹ́ díẹ̀ nínú ọkà wọn sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Wọ́n á máa fi ṣọ́bìrì yí i kí gbòǹgbò má baà lọ́ mọ́ra, kí ooru tó ń ti inú òkìtì jáde má sì pa á. Ní bí ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n á kó o lọ sójú iná kó gbẹ. Bó bá hù kọjá àlà, ọ̀mùnú á jẹ ṣúgà tí à ń wá; bí kò bá hù tó, bí ògì lásán ló rí. Nítorí náà, «híhù» ni tèmi: báálì híhù, wísíkì híhù.

Ẹ wá wo àǹfààní ọ̀rọ̀ yìí bí a bá dé Írẹ́lándì. Lọ́dún 1785, wọ́n bu owó orí lé ọkà híhù, àwọn tó ń ṣe wísíkì sì ń da ọkà tí kò hù pọ̀ mọ́ ọn kí owó orí wọn lè dín. Ìtọ́wò rẹ̀ wu àwọn ènìyàn, ó sì dúró títí dòní. Ohun tí wọ́n ń pè ní single pot still lónìí gbọ́dọ̀ ní ó kéré tán 30% báálì híhù àti 30% báálì àìhù. «Wísíkì híhù-òun-àìhù» sọ gbogbo rẹ̀ tán. Ẹni tó bá di «mọ́ọ̀tì» mú, báwo ni yóò ṣe sọ ọ́?

Nígbà tí wọ́n bá ń fi iná peat yan ọkà híhù ni èéfín ń wọ̀ ọ́. Ẹnì kan túmọ̀ peat sí «èédú ilẹ̀». Èédú ilẹ̀ ni ti Enúgu, òkúta ni. Peat jẹ́ koríko àti ewé tó jẹrà díẹ̀ nínú àbàtà fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, tí wọ́n ń gé bíi bíríkì, tí wọ́n ń sá kó tó lè jó. «Erùpẹ̀ àbàtà» ni kí a pè é. Nọ́ńbà tí wọ́n ń kà fún èéfín yìí, bíi ìdá 55 nínú mílíọ̀nù kan (55 ppm) tí wọ́n máa ń sọ fún Ardbeg, wísíkì Islay mìíràn, inú ọkà ni wọ́n ti wọ̀n ọ́. Èyí tó kù nínú ìgò kéré sí i púpọ̀, nítorí náà ẹ má kọ ọ́ bí ẹni pé inú ọtí ló wà.

«Oníhóró kan» kò tọ́ rárá. Single kò sọ nípa hóró, kò sọ nípa àgbá. Ọtí inú ọgọ́rùn-ún àgbá lè wà nínú ìgò single malt kan, bó bá ṣáà ti jẹ́ pé ibi iṣẹ́ kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ ti wá. A ní ọ̀rọ̀ fún ibi iṣẹ́ bẹ́ẹ̀: «ebu», bíi ti àwọn tó ń fún epo àti àwọn tó ń mọ ìkòkò. «Wísíkì híhù ebu kan» nìyẹn. Ẹ ṣọ́ ohùn rẹ̀ o, kó má di èbù iṣu.

Àbùlà wà fún ohun tí a bomi là. Alẹ́mu tí wọ́n bá ní àbùlà ló ń tà, wọ́n bú u ni. Blended Skọ́tlándì kò rí bẹ́ẹ̀: wísíkì híhù tí wọ́n sè nínú ìkòkò bàbà, pẹ̀lú wísíkì ọkà mìíràn tí wọ́n sè nínú ẹ̀rọ olópòó, irú èyí tí Aeneas Coffey ti Dublin gba ìwé àṣẹ rẹ̀ lọ́dún 1830. Ẹ pè é ní «àdàpọ̀».

Ó wá ku «sẹ́». Ògì là ń fi aṣọ sẹ́: èérí á kù sókè, omi á lọ sísàlẹ̀, kò sí ohun tó di ooru níbẹ̀. Nínú ìkòkò bàbà, ọtí bíi 8% ni wọ́n dà sí i. Ọtí ń hó ní 78°C kí omi tó hó, ooru rẹ̀ á gba ọrùn ìkòkò lọ sínú ọ̀pá tí omi tútù yí ká, á sì máa kán. A sè é, ó kán: «sèkán». Ohùn òkè ni kán yìí, bí omi ṣe ń kán látorí òrùlé, kì í ṣe kan tí ẹmu ń kan. Ìsèkán kìíní ń mú un dé bíi 20 sí 25%, èkejì á mú un dé bíi 70%. Ẹ̀kẹta, bíi ti ebu Midleton ní Írẹ́lándì, á kọjá 80%. Orí ọtí (èyí tó kọ́kọ́ kán) àti ìrù ọtí (èyí tó kán kẹ́yìn) kì í wọ àgbá, àárín nìkan ni. Bí wọ́n ṣe ń mọ̀ pé orí ti tán nìyí: wọ́n á bu omi sí díẹ̀ nínú èyí tó ń kán. Bó bá ṣì ń ṣú bí omi ìrẹsì, orí ni. Bó bá mọ́ gaara, wọ́n á darí rẹ̀ sínú agbada àárín.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ ọ́ sínú ìwé ìtumọ̀ pé ìsèkán ẹ̀ẹ̀mejì ni Skọ́tlándì, ẹ̀ẹ̀mẹta ni Írẹ́lándì. Auchentoshan lẹ́bàá Glasgow ń sèkán lẹ́ẹ̀mẹta. Connemara jẹ́ ti Írẹ́lándì, ẹ̀ẹ̀mejì ni, ó tún ní èéfín àbàtà. Ohun tí òfin fi kan méjèèjì ni ọdún 3 ó kéré tán nínú àgbá onígi tí kò ju lítà 700 lọ, nílẹ̀ ibi tí wọ́n ti ṣe é. Skọ́tlándì fi kún un pé igi óákù ni.

Àwọn ọ̀rọ̀ ìtọ́wò ló yẹ kí a dán wò lẹ́nu ká tó fọwọ́ sí wọn. Ẹ bu mílílítà 20 Auchentoshan, 20 Redbreast ọdún 12 (híhù-òun-àìhù ti Írẹ́lándì) àti 20 Laphroaig ọdún 10 sínú ife mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tí ẹnu wọn fún ju ìdí lọ. Ẹ má fi ọṣẹ olóòórùn fọ ife, ẹ má fi áìsì sí i, torí òtútù ń pa òórùn. Laphroaig ló gbọ́dọ̀ kẹ́yìn. Bó bá ṣíwájú, òun nìkan ni ẹnu á máa gbọ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ẹ la ẹnu díẹ̀ bí ẹ ṣe ń gbóòórùn rẹ̀, kí ọtí má baà ta imú. Ẹ tọ́ ọ wò bẹ́ẹ̀, kí ẹ tó fi ṣíbí kékeré kan omi là á, mílílítà 5: èyí tó jẹ́ 40% á di 32%, òórùn tó sá pamọ́ á sì yọjú.

Ẹnì kan ní kí smooth jẹ́ «jọ̀lọ̀». Àmàlà tí kò ní kókó ni jọ̀lọ̀. Ẹnu á sọ ohun méjì fún yín níhìn-ín. Auchentoshan «fẹ́lẹ́»: kì í pẹ́ lẹ́nu, kì í ta ọ̀fun. Redbreast kò fẹ́lẹ́ rárá. Ó kì, ó ń yọ̀ bí òróró, ó sì ń ta díẹ̀díẹ̀ bíi kànáfùrù àti ata ilẹ̀, iṣẹ́ báálì àìhù nìyẹn. Síbẹ̀ «smooth» ni wọ́n ń kọ fún méjèèjì. Ti Laphroaig, «èéfín» nìkan kò tó: òórùn ẹja gbígbẹ ló kọ́kọ́ ń wá, lẹ́yìn omi ló ń di òórùn oògùn tí wọ́n fi ń nu ojú egbò. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó lè gbé méjèèjì, kó mú un wá.