Ìwúwo, gígan àti ìfìsórí: èsì mi lórí orúkọ ẹ̀yà ọ̀pá gọ́ọ̀fù

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ èdè, mo kí yín o.

Mo ka àbá tí ọ̀gá wa kan mú wá lórí àwọn ọ̀rọ̀ tí a ó máa lò fún ẹ̀yà ara ọ̀pá gọ́ọ̀fù, nítorí ìwé ìtọ́ni kékeré tí wọ́n ń túmọ̀ fún àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ eré náà. Wọ́n ní kí a pe apá gbọọrọ tí ó wà láàárín ibi tí a ń dì mú àti orí tí ó ń gbá bọ́ọ̀lù ní "ọ̀pá", kí a pe bí ó ṣe wúwo tó ní "ìwọ̀n ọ̀pá", kí a sì pe ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní swing weight ní "ìwọ̀n ìjù". Wọ́n wá fi gbólóhùn kan ṣe àpẹẹrẹ: "Ẹni tí ìjù rẹ̀ bá lágbára, kí ó yan ọ̀pá tí ìwọ̀n rẹ̀ le." Mo mọ rírì akitiyan wọn, ṣùgbọ́n gbólóhùn yẹn gan-an ni ó mú mi gbé kálàmù, nítorí pé ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó kó sínú àpò kan, ẹni tí ó bá sì tẹ̀ lé e lọ sọ́jà lè náwó lórí ohun tí apá rẹ̀ kò ká.

Mo gbà pé odidi irinṣẹ́ náà ni ọ̀pá gọ́ọ̀fù. Ó ti wà lẹ́nu àwọn ènìyàn, kò sì sí ìdí tí a fi ní láti máa bá ẹnu wọn jà. Ṣùgbọ́n bí odidi bá ti ń jẹ́ ọ̀pá, ẹ̀yà kan lára rẹ̀ kò lè tún máa jẹ́ ọ̀pá, àfi bí a bá fẹ́ máa kọ "ọ̀pá ọ̀pá gọ́ọ̀fù". Àwọn àgbẹ̀ ti bá wa yanjú ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́. Alágbẹ̀dẹ ni ó ń rọ ọkọ́, igi tí a fi bọ̀ ọ́ ni ẹ̀rú. Ìdí nìyẹn tí a fi ń pè é ní ẹ̀rúkọ́, àáké náà sì ní ẹ̀rú tirẹ̀. Bí ẹ̀rú bá ṣẹ́, a ó gbẹ́ òmíràn, a ó sì fi bọ orí kan náà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti ọ̀pá gọ́ọ̀fù: ẹni tí ó ń tò ó yóò yọ ẹ̀rú kan kúrò lára orí, yóò fi òmíràn sí i, yóò sì lẹ̀ ẹ́ pa. Ní ti ibi tí a fi rọ́bà bò, tí ọwọ́ ń dì mú, èèkù ni mo fẹ́ kí a máa pè é, bí èèkù idà.

Ẹnì kan ti bi mí léèrè bóyá àwọn ènìyàn kò ní gbọ́ ẹ̀rú bí ìyànjẹ, pàápàá nígbà tí ọ̀pọ̀ ìwé wa kì í ní àmì ohùn lórí. Ìbéèrè tí ó tọ́ ni, ṣùgbọ́n n kò tíì rí àgbẹ̀ kan tí ó gbọ́ ẹ̀rúkọ́ tí ó ro olè jíjà. Bí a bá ń kọ "ẹ̀rú ọ̀pá" ní ìgbà àkọ́kọ́ nínú orí ìwé kọ̀ọ̀kan, ọ̀rọ̀ náà á dá ara rẹ̀ láre. Ẹlòmíràn dábàá kọ̀ǹgọ́ onídùndún fún odidi ọ̀pá náà, nítorí pé ẹnu rẹ̀ tẹ̀ bí ti gọ́ọ̀fù. Àfiwé náà dùn mọ́ mi, ẹ̀rín sì pa mí, ṣùgbọ́n igi kan ṣoṣo ni kọ̀ǹgọ́, kò ní orí tí a lè yọ, ọ̀rọ̀ orí àti ẹ̀rú ni a sì ń sọ níhìn-ín.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo "ìwọ̀n". Télọ̀ tí ó na téèpù lé èjìká ènìyàn, ìwọ̀n ni ó ń gbà. Ẹni tí ó ń ta ilẹ̀ ń wọn ilẹ̀. Ìyá tí ó ń ta gààrí ń fi kóńgò wọn gààrí. Gígùn, fífẹ̀, ìwúwo, iye, kò sí èyí tí ìwọ̀n kò gbà mọ́ra. Nínú ọ̀rọ̀ gọ́ọ̀fù, èyí á ṣini lọ́nà, nítorí pé gígùn ọ̀pá ní òfin tirẹ̀: àfi èyí tí a fi ń ti bọ́ọ̀lù sínú ihò, òmíràn kò gbọdọ̀ gùn ju íńṣì 48 lọ, láti ọdún 2022 ni àwọn tí ó ń ṣètò ìdíje àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ sì ti láṣẹ láti dín in kù sí íńṣì 46. Bí a bá kọ "ìwọ̀n ẹ̀rú", akẹ́kọ̀ọ́ kan á na téèpù, èkejì á sì máa wá òṣùwọ̀n kiri. Ìwúwo kò ní ìtumọ̀ méjì. Ẹ̀rú tí ó jẹ́ gíráàmù 120, ìwúwo rẹ̀ ni gíráàmù 120, ọ̀rọ̀ parí.

"Ìjù" ńkọ́? Òótọ́ ni pé ènìyàn a máa ju apá bí ó bá ń rìn, ṣùgbọ́n ẹni tí mo bá rí tí ó ju ọ̀pá gọ́ọ̀fù, inú ni ó ń bí i. Fì ni a fi ń sọ̀rọ̀ ohun tí ìdí rẹ̀ dúró tí orí rẹ̀ ń lọ tí ó ń bọ̀, bí fìtílà tí a gbé kọ́ sínú atẹ́gùn. Nítorí náà, fífì ni mo fara mọ́. Fì sì tún ní ìtumọ̀ kejì tí yóò ṣe wá láǹfààní: bí ẹrù orí bá tẹ̀ sí apá kan, a ó ní ó fì. Ìtumọ̀ kejì yìí ni kọ́kọ́rọ́ sí swing weight, nítorí pé swing weight kì í ṣe ìwúwo rárá, bí orúkọ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ tilẹ̀ ń tan ènìyàn jẹ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo fojú ara mi rí. Mo ní ọ̀pá onírin nọ́ńbà 7 méjì, tí a ń pè ní irin keje, gígùn wọn dọ́gba. Ẹ̀rú irin gíráàmù 120 ni ó wà lára ọ̀kan, ẹ̀rú gíráfáítì (fọ́nrán kábọ́ọ̀nù) gíráàmù 70 ni ó wà lára èkejì, ẹni tí ó tò wọ́n sì kọ D2, àmì ipele swing weight wọn, sára méjèèjì. Mo gbé wọn lé òṣùwọ̀n tí ìyàwó mi fi ń wọn ìyẹ̀fun: ọ̀kan jẹ́ gíráàmù 433, èkejì jẹ́ 395. Mo wá gbé wọn lé etí tábìlì lọ́kọ̀ọ̀kan, níbi tí ó jẹ́ íńṣì 14 sí ìdí èèkù, nítorí pé ibẹ̀ ni òṣùwọ̀n Lorythmic, tí a fi ń wọn swing weight, tí Robert Adams ṣe ní Amẹ́ríkà lẹ́yìn ọdún 1920 ti máa ń gbé ọ̀pá lé. Orí fà wọ́n wálẹ̀ lójú ẹsẹ̀, mo sì ní láti fi àtàǹpàkò tẹ ìdí èèkù kí wọ́n tó dúró. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tí ó dúró tì mí, tí kò mọ gọ́ọ̀fù rí, sọ pé, "Bàbá, ó ti fì sọ́hùn-ún." Agbára tí àtàǹpàkò mi fi tẹ àwọn méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, bẹ́ẹ̀ ni ìwúwo wọn fi gíráàmù 38 ju ara wọn lọ. D2 yẹn ń sọ bí ọ̀pá ṣe fì sí orí tó, kò sọ bí ó ti wúwo tó.

Nítorí náà, ìfìsórí ni mo dá lábàá fún swing weight. Mo mọ̀ pé ẹni tí kò fi àmì ohùn sí i lè kà á bí ìgbà tí a fi nǹkan sórí. N kò rí ọ̀nà àbáyọ sí ìyẹn ju kí a fi àmì sí i lọ. Ìṣirò tí àwọn tí ó ń to ọ̀pá ń lò sì bá ọ̀rọ̀ náà mu: bí a bá fi gíráàmù 2 kún orí, ìfìsórí á gòkè ní ipele kan, láti D1 sí D2, ó tó gíráàmù 9 lára ẹ̀rú kí a tó rí ipele kan náà, gíráàmù 5 lára èèkù sì ń fà á padà sẹ́yìn ní ipele kan. Ẹ lè wá rí ìdí tí ọ̀pá mi méjì fi jẹ́ D2: ẹni tí ó tò ó fi irin kún orí èyí tí ẹ̀rú rẹ̀ fúyẹ́.

Ohun kẹta tí ó há sínú gbólóhùn ọ̀gá wa ni "le". Lẹ́tà R, S àti X tí a ń rí lára ẹ̀rú kò sọ nǹkan kan nípa ìwúwo. Wọ́n ń sọ bí ẹ̀rú ṣe ń tẹ̀ tó: R ń tẹ̀ ju S lọ, S sì ń tẹ̀ ju X lọ. Líle kò burú, ṣùgbọ́n iṣẹ́ le, òkúta le, ẹ̀kọ tí ó dì le. Ara tí kò ṣe é tẹ̀ ni a ń sọ pé ó gan, nítorí náà ẹ̀rú tí ó gan àti ẹ̀rú tí ó ń tẹ̀ ni èmi yóò kọ. A kò gbọdọ̀ da èyí pọ̀ mọ́ ìwúwo, nítorí pé ẹ̀rú irin Dynamic Gold R300 lé ní gíráàmù 120, lẹ́tà R ni ó sì wà lára rẹ̀, nígbà tí ẹ̀rú gíráfáítì tí kò ju gíráàmù 60 lọ lè jẹ́ X. Láìpẹ́ ẹ ó tún rí i pé R ilé iṣẹ́ kan lè gan ju R ilé iṣẹ́ mìíràn lọ, torí pé kò sí òṣùwọ̀n kan ṣoṣo tí gbogbo wọn fọwọ́ sí. Ti bí ẹ̀rú ṣe ń lọ́, "ìlọ́" tó o.

Ìdí tí ìwúwo fi gba ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò tíì pẹ́ nínú ìtàn. Nígbà tí ẹ̀rú jẹ́ igi híkórì, oníṣẹ́ ọwọ́ a máa fá a títí yóò fi bá ọwọ́ olówó mu. Àwọn USGA, ẹgbẹ́ tí ó ń ṣòfin gọ́ọ̀fù ní Amẹ́ríkà, gba ẹ̀rú irin láàyè ní ọdún 1924, R&A, ẹgbẹ́ aṣòfin gọ́ọ̀fù ní St Andrews ní Scotland, gbà á ní 1929; ní nǹkan bí 1969 ni onímọ̀ ẹ̀rọ kan, Frank Thomas, ṣe ẹ̀rú gíráfáítì. Láti ìgbà náà ni yíyàn ti gbòòrò: ẹ̀rú irin fún ọ̀pá onírin sábà máa ń wà láàárín gíráàmù 90 sí 130, ti gíráfáítì láàárín 40 sí 80. Ẹ tún ṣàkíyèsí pé ẹ̀rú ni ó ń jẹ́ ní gbogbo àsìkò wọ̀nyí; ká ní "igi" ni a pè é, ọ̀rọ̀ náà ìbá ti bọ́ ní 1929.

Ta wá ni ó yẹ kí ó gbé èwo? "Fífì tí ó lágbára" kò tó. Ẹni méjì lè fi ìyára máìlì 90 ní wákàtí kan fì, kí ọ̀kan máa já ọ̀pá wálẹ̀ fìrì láti òkè, kí èkejì sì máa rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ibi tí ọ̀pá ti ń yí padà lókè yẹn ni mo ń pè ní ìṣẹ́rí, láti ara ṣẹ́rí. Ẹni tí ìṣẹ́rí rẹ̀ le koko, bí ẹ̀rú bá fúyẹ́ jù, kò ní mọ ibi tí orí ọ̀pá wà. Ìwúwo díẹ̀ á mú ọwọ́ rẹ̀ balẹ̀. Ẹni tí ìṣẹ́rí rẹ̀ rọ̀ lè jàǹfààní ẹ̀rú fífúyẹ́, ṣùgbọ́n kó má retí pé eré orí ọ̀pá á ga lọ rẹpẹtẹ, nítorí pé ìwúwo ẹ̀rú sún mọ́ ọwọ́ ju ti orí lọ. Orí tí ó wà lọ́hùn-ún ni ó ń gba agbára jù. Ẹni tí ó bá fẹ́ dán an wò, kí ó bu àtíkè sí ojú ọ̀pá kó gbá bọ́ọ̀lù mẹ́wàá. Bí àmì bọ́ọ̀lù bá kóra jọ sí ojú kan, ẹ̀rú yẹn bá a mu. Bí wọ́n bá tú ká, kó gbé òmíràn. Kí ó tún un ṣe nígbà tí ó bá ti rẹ̀ ẹ́, nítorí pé ẹ̀rú tí kò wúwo ní ihò kìn-ín-ní lè di ẹrù ní ihò kẹrìndínlógún.

Bí mo ṣe rò pé gbólóhùn ọ̀gá wa lè rí nìyí: "Ẹni tí ìṣẹ́rí rẹ̀ bá le, kí ó fi ẹ̀rú tí ó wúwo díẹ̀ bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà kí ó wá yan bí yóò ṣe gan tó, kí ẹni tí ó ń to ọ̀pá sì ṣètò ìfìsórí rẹ̀." Ó gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá ní ọ̀rọ̀ tí ó dára ju ìṣẹ́rí lọ, mo ń retí rẹ̀, torí pé òun nìkan nínú gbogbo ohun tí mo kọ ni n kò tíì gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn rí.